Èbù Aláìsàn Kì í So Ọ̀dùnkún Rere

Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ń ṣe bí ẹni pé kò kan ọ̀dùnkún òyìnbó.

Ìpínlẹ̀ Plateau ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀dùnkún òyìnbó Nàìjíríà ti ń wá. Láti Bokkos, Mangu àti Barkin Ladi ni ọkọ̀ ti ń kó o wá sí ọjà Mile 12 l'Ékòó, kí àwa tó dín in pẹ̀lú ẹyin. Ní ọdún 2014, àrùn tó ń jó ewé ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ níbẹ̀. Àbàwọ́n dúdú ni ewé á kọ́kọ́ ní, ohun funfun bí òwú á bo abẹ́ rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan oko á ti rà.

Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má gbà á gbọ́! Àrùn yìí kan náà ló kọlu ọ̀dùnkún ilẹ̀ Ireland láti ọdún 1845. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú. Àrùn ló pa ọ̀dùnkún, ṣùgbọ́n ìwà ìjọba wà nínú ohun tó pa ènìyàn: wọ́n ń kó oúnjẹ jáde nílùú tí ebi ti ń pa onílé.

Bí iṣu ni ọ̀dùnkún rí, èbù ni à ń gbìn. Àgbẹ̀ tí kò rí èbù tó mọ́ rà a máa ta èyí tó tóbi, a sì gbin kéékèèké tó kù. Bí àrùn bá fara pamọ́ sínú wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín. Wọ́n á ní oògùn wà. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí àrùn tó dé ló yẹ ká ti fín in; owó rẹ̀ ga, òjò a sì máa fọ̀ ọ́ dànù.

Kí àgbẹ̀ ṣe tirẹ̀: kí ó má gbin ọ̀dùnkún tàbí tòmátì léra wọn lórí ilẹ̀ kan náà, kí ó sì má fi èyí tó rà sílẹ̀ létí oko. Ṣùgbọ́n kò lè dá ṣe é. Ibùdó ìwádìí ìjọba wà ní Kuru, nítòsí Jos. Ẹ fún un lówó, kí èbù tó mọ́ dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ajílẹ̀ tí ẹ ń pín kiri kò lè wo èbù aláìsàn sàn.