Ìyàwó Ilé àti Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́

  

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí kan àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nínú wa: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ báńkì, àti àwọn tí ó ń bá ẹlòmíràn tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò kéré níye ní Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti wẹ ọmọ, tí wọ́n ti di oúnjẹ ilé-ìwé, tí wọ́n sì ti gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn ni ó ń pàṣẹ fún wọn. Bí àárín obìnrin àti ọ̀gá rẹ̀ bá gún, ẹrù náà a fúyẹ́. Bí kò bá gún, yóò máa ru ìbínú ibi iṣẹ́ wọlé ni, ọkọ àti ọmọ ni yóò sì bá a pín in.

Kí ni ó sábà máa ń ba àárín náà jẹ́? Ẹlòmíràn yóò ní ìwà ọ̀lẹ ni, tàbí àfojúdi. Àwọn méjèèjì kò dára, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ni mo rí i pé ó ń bà á jẹ́ jù lọ. Láti kékeré ni àwọn òbí wa ti kọ́ wa pé kí a kúnlẹ̀ fún àgbà, kí a má sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rere ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò pé ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó ń ṣe é. Àwọn àgbà kan náà tí ó kọ́ wa ní ìkúnlẹ̀ ni ó sọ pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. A lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí a sì la ọ̀rọ̀ yé ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ akọ̀wé kan ní ibà ní òru. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Aago mọ́kànlá ni ó dé ibi iṣẹ́. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti le koko, nítorí pé ìwé tí àwọn àlejò ń dúró dè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọwọ́ akọ̀wé yìí ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Ọ̀gá náà lè jẹ́ abiyamọ pẹ̀lú. Ibà ọmọ kò lè bí i nínú. Ohun tí ó bí i nínú ni pé ojú tì í níwájú àlejò lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí akọ̀wé náà bá ti ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọmọ mi kò sùn lóru, mo ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ìwé àwọn àlejò ti parí, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ rán àbúrò ọkọ mi sí yín. Màá dé kí ó tó di aago méjìlá,” ọ̀gá náà ìbá ṣàdúrà fún ọmọ náà ni.

Ẹ rántí pé ọ̀gá pàápàá ní ọ̀gá. Ọ̀gá ilé-ìwé ń retí alábẹ̀wò ìjọba. Mátíróònù ní dókítà àgbà lórí. Máníjà báńkì ń jíhìn fún àwọn tí ó wà ní Èkó. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún un lónìí ni wọn yóò bi í léèrè lọ́la.

Ìtàn ìlú wa jẹ́rìí sí èyí. Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ni ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School. Ẹni ńlá ni òun àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn olùkọ́ wọn, síbẹ̀ àwọn náà ní ìjọ àti ìjọba lórí. Ní ọdún 1926, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Ní ọdún 1931, ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tí ó para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, Ransome-Kuti sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí àwọn ọ̀gá bá lè wá ọ̀nà tí ó ní ètò láti bá àwọn tí ó jù wọ́n lọ sọ̀rọ̀, kí ni yóò mú àwa dákẹ́?

Ọ̀nà wo ni kí a wá gbà? Èkínní, ẹ mọ ohun tí ọ̀gá yín ń fẹ́ gan-an. Bí ó bá kó iṣẹ́ mẹ́ta fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ bi í pé, “Èwo ni kí n kọ́kọ́ parí, mà?” Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Bí àṣẹ rẹ̀ kò bá dára tó lójú yín, ẹ má tako ó níwájú ẹgbẹ́ yín. Ẹ dúró títí yóò fi ku ẹ̀yin méjì, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rí. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Èkejì, bí ẹ bá ń kó ìṣòro lọ bá ọ̀gá, ẹ mú àbá dání. Ẹni tí ó wí pé “Owó ọjà kò pé” ti fi ẹrù lé ọ̀gá lórí. Ẹni tí ó wí pé “Owó ọjà kò pé, mo ti ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé ọjà ti ọjọ́ Ẹtì ni kí a tún yẹ̀ wò” ti bá a gbé ẹrù náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya ọ̀rọ̀ ẹbí sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde kò tóbi tó ibi tí ènìyàn ti lè sá fún ojúlùmọ̀. Ọ̀gá yín lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, tí ó jẹ́ pé ìyàwó ni ẹ jẹ́ fún un nílé. Níbi ìkómọ, ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì bá a gbé àwo. Ní ibi iṣẹ́, orúkọ oyè rẹ̀ ni kí ẹ máa pè é, kí ẹ má sì retí ojú rere tí ẹlòmíràn kò ní rí gbà. Ohun tí ó bá sọ ní ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ dé ìpàdé ẹbí. Bí ó bá sì jẹ́ pé àbúrò yín lọ́jọ́ orí ni ọ̀gá, ẹ fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, kí òun náà fi “ẹ” dá yín lóhùn. Ọ̀wọ̀ yóò wà fún ipò, yóò sì wà fún ọjọ́ orí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tètè gba àyè. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ta ni kò fẹ́ bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà? Àmọ́ a kì í ti ilẹ̀kùn ọsibítù nítorí ọdún. Ẹ má dúró títí aṣọ ẹgbẹ́ yóò fi jáde lọ́dọ̀ télọ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ti bá ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì yóò rí ẹni tí yóò bá a ṣe ti Ojúde Ọba, ọ̀gá yóò kàn buwọ́ lù ú ni.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 1974 sọ pé obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tàbí ilé ìṣòwò, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ìwé dókítà bá fi hàn pé ìbímọ rẹ̀ kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ mọ́. Wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọn yóò san fún un lákòókò ìsinmi yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú.

Ọ̀pọ̀ abiyamọ ni kò gbọ́ èyí rí. Ọmú ń kún, aṣọ ń tutù, wọ́n jókòó síbẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ọ̀gá bínú. Ẹ má gbé òfin lọ bá ọ̀gá bí ẹni gbé kùmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀. Nígbà tí oyún bá pé oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ kọ̀wé. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹni tí yóò di iṣẹ́ yín mú, àti wákàtí tí ẹ ó máa fẹ́ fún ọmọ lọ́mú bí ẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀gá tí ó le yàtọ̀ sí ọ̀gá burúkú. Èyí tí ó le ń fẹ́ kí iṣẹ́ dára. Ẹ fara dà á, ẹ ó kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kan bá ń béèrè ohun tí ó jẹ́ ti ọkọ yín nìkan, ẹ kọ̀ fún un láìfi ẹ̀rín sí i. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ àti ohun tí ó sọ, ẹ sọ fún ọkọ tàbí àgbà tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹni tí ó wà lókè rẹ̀ tàbí sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn yín.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa wá àkókò tí ara tu ọ̀gá rẹ̀, kí ó bi í pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí n túbọ̀ ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ mi?” Kí ó sì gbọ́ èsì rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni òun náà yóò ti rí àyè láti sọ tirẹ̀.

Ọlọ́run yóò fún wa ní ọ̀gá rere, yóò sì sọ àwa náà di ọ̀gá rere lọ́jọ́ iwájú. Ó di oṣù tí ń bọ̀.