Igi Ẹ̀gbà, Odi Etí Ọ̀sà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ka igi ẹ̀gbà, tí ń hù nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, sí igi tí kò níláárí. Kì í so èso tí a ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún ẹsẹ̀ láti rìn láàárín gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ilẹ̀ ní ìhà Apapa àti Ajégúnlẹ̀, òun ni a kọ́kọ́ ń gé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìwà igi yìí yóò mọ̀ pé àdánù ńlá ni gígé rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀gbà ń gbé le púpọ̀. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́, nítorí ìdíbàjẹ́ ewé inú rẹ̀ ti gbà á tán. Omi ibẹ̀ ní iyọ̀. Ó sì ń kún, ó ń fà lójoojúmọ́. Ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo kò lè yè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ta gbòǹgbò rẹ̀ sókè bí ẹsẹ̀ àga, ihò tíntìntín sì wà lára gbòǹgbò náà tí ó fi ń mí nígbà tí omi bá fà. Gbòǹgbò yìí kan náà ni ó fi ń sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú omi kí ó tó mu ún. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, ni oríṣi mìíràn ń gbé, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ láti inú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́. Ojú ewé ni èyí ń ti iyọ̀ jáde sí. Ẹni tí ó bá fi ahọ́n tọ́ ọ wò yóò mọ̀. Ẹ̀gbà kì í sì í fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láìmúra: orí ìyá ni irúgbìn ti ń hù, tí yóò gùn bí ọ̀pá, kí ó tó já sínú ẹrẹ̀ tàbí kí omi gbé e lọ.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ewé ẹ̀gbà tí ó já ni akàn ń jẹ. Abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti edé ń sá sí. Gbòǹgbò náà sì ń di ẹrẹ̀ mú, ó ń dín agbára ìgbì kù. Apẹja tí ó bá gé ẹ̀gbà tán láti yan ẹja, ilé ọmọ ẹja ni ó ń dáná sun. Níbi tí a bá sì ti gé e, koríko a gba ilẹ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbà hù mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ewé tútù ojú omi ni ó ń ṣọ́ etí omi. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tí a kọ́kọ́ rí ní ìhà Badagry ní ọdún 1984, a máa bo ọ̀sà nígbà òjò, a sì máa dí ọ̀nà ọkọ̀. Bí iyọ̀ bá wọlé ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó kú. Ẹ̀gbà ni ó ń dúró lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.

Èbúté Apapa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1926, ti Tin Can Island ní ọdún 1977. Oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé sì ti ibẹ̀ wá. Kò sí ẹni tí yóò wí pé kí a má kọ́ wọn. Àwọn kan tún ń wí pé irà ń bí ẹ̀fọn, òtítọ́ sì ni: nígbà ogun àgbáyé kejì, a la kòtò láti fa omi irà gbẹ ní àyíká Èkó nítorí ibà. Ṣùgbọ́n fífi iyanrìn àti ààtàn dí irà kò lé ẹ̀fọn lọ. Omi tí kò rí ọ̀nà mọ́ yóò padà sí ojúlé, yóò dúró nínú gọ́tà àti agolo, ẹ̀fọn yóò sì pa ẹyin síbẹ̀. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tí àgbàrá ń lé jáde nínú yàrá mọ èyí dájú.

Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù onílẹ̀ etí omi fi ẹ̀gbà sílẹ̀ láàárín ilé rẹ̀ àti ọ̀sà. Kí ẹni tí ó ń wá igi ìdáná gé ẹ̀ka, kí ó fi ìdí sílẹ̀. Kí a má ṣe da ọ̀rá àti epo ọkọ̀ sínú ẹrẹ̀, nítorí wọn a máa dí ihò tí gbòǹgbò fi ń mí. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ inú ìjọ ṣa irúgbìn rẹ̀ tí ó já, kí wọ́n sì rì í mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Kò ná wọn lówó.

Ajé ti gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n etí omi ni ajé fi ń gúnlẹ̀. Gbogbo onígbàgbọ́ ni ó mọ ìtàn ẹni tí ó kọ́ ilé sórí iyanrìn. Ẹni tí ó gé odi rẹ̀ kí ó tó da iyanrìn sílẹ̀, ìṣubú tirẹ̀ yóò pọ̀ jù.