Ilẹ̀ Tí A Ro Tí A Kò Bò

Kíkà: Mátíù 12:43-45

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, nígbàkígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń gbé ọkọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e. A ó ro ilẹ̀ mọ́ tónítóní, a ó kó koríko jọ, a ó dáná sun ún. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, koríko mìíràn ti bo ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ọkọ́ bá sú yóò lọ ra oògùn apakoríko, yóò fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Paraquat tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lò, bí ènìyàn bá gbé e mì, kò sí ohun tí í pa oró rẹ̀. Àjọ NAFDAC sì ti fòfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ríro ilẹ̀ kọ́ ni ó burú. Fífi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò ni ó burú. Irúgbìn koríko kún inú ilẹ̀. Bí a bá yí ilẹ̀ padà tí oòrùn sì kàn án, yóò hù. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ewé bo ilẹ̀ náà, kí ó nípọn tó ìbú ìka mẹ́rin, oòrùn kò ní ráàyè kan irúgbìn náà, omi kò ní tètè gbẹ, bí ewé náà bá sì jẹrà, yóò di ajílẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, "Pásítọ̀, níbo ni a ó ti máa rí ewé tó bẹ́ẹ̀?" Ẹ gbìn ín! Ẹ gé ọ̀pá igi àgúnmániyè, ẹ rì í mọ́ ẹ̀bá ọgbà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò. Bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, ẹ ó máa gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìgbà òjò, ẹ ó máa tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ebè. Ní IITA, Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú igi yìí ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n gbìn ín ní ìlà-ìlà, wọ́n sì gbin oúnjẹ sí àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe lo koríko tí ó ti so, kí ẹ má baà fọwọ́ ara yín gbin ọ̀tá. Ẹ má jẹ́ kí ewé kan ìdí ẹ̀fọ́, kí ó má baà rà. Ní ti koríko ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, yóò gún ewé jáde. Gbòǹgbò rẹ̀ ni kí ẹ wú.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ohun tí Jésù kọ́ wa nìyí. Wọ́n gbá ilé náà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣófo, èyí tí ó jáde sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá. Mélòó nínú wa ni ó ti sunkún, tí ó ti jẹ́wọ́ níbi ìsọjí, tí ó sì padà sí ilé tí a kì í ti gbàdúrà pọ̀? Láìpẹ́, ìbínú àti ìlara ti hù. Ni a ó bá tún sáré lọ sí ìpàgọ́ mìíràn, a ó máa wá ẹni tí yóò fọ́n oògùn lé wa lórí.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìtúsílẹ̀ ni ó wọ́n wa, ìbòrí ni. N kò bá ìpàgọ́ jà, ríro dára. Ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbin ewé tirẹ̀: bàbá tí ó ń ka ẹsẹ kan fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé, ìyá tí ó ń kọ́ wọn lórin bí ó ti ń ṣa ewédú, tọkọtaya tí ń parí ìjà kí wọ́n tó sùn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sì wà tí ó dà bí ẹ̀kan. Owó olówó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, má ṣe fi orin bò ó. Wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, dá a padà.

Kí Olúwa bo ilẹ̀ wa àti ilé wa. Àmín.