Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọ Ìdíkọ̀ Lórúkọ

Ojú irin kò dé Àtàn-Ọ̀tà. Bí a bá fẹ́ rí i, a ó kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Sángò láàárín àwọn tirela àti ọkọ̀ epo, kí á tó tún wọ òmíràn lọ sí Ìjókò. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ agbègbè yìí kò fi mọ̀ pé ilẹ̀ Ọ̀tà ni rélùwéè kọ́kọ́ dé nígbà tó kúrò l'Ékòó.

Òótọ́ ni o. Lọ́dún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú irin láti Ìdó. Abala àkọ́kọ́, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 32, Ọ̀tà ló já sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Wọn kò tíì so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nàìjíríà kan ṣoṣo nígbà náà. Ọdún 1914 nìyẹn ṣẹlẹ̀.

Ojú irin yìí tún ayé àwọn ìlú kéékèèké ṣe. Òun ló sọ Agége di ọjà obì ńlá. Obì ń ti ibẹ̀ gòkè lọ sí Kánò, àwọn oníṣòwò Hausa sì wá tẹ̀dó síbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan ló gbé wá. Nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe sú àwọn Ẹ̀gbá lọ́dún 1918, tí Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀, ojú irin àti wáyà tẹligíráàmù tó wà ní ìhà gúúsù Abẹ́òkúta ni wọ́n bà jẹ́. Wọ́n mọ ibi tí agbára ìjọba ń gbà wọlé.

Nínú gbogbo èyí, ohun tó jẹ àwa tí à ń kọ́ nípa èdè Yorùbá lógún jù ni orúkọ. Orúkọ ìlú ni àwọn ìdíkọ̀ àtijọ́ ń jẹ́: Agége, Agbádó, Ìjókò, Ìfọ̀, Wásinmi. Ẹ tún Ìjókò àti Wásinmi pè. Àfi bí ẹni pé èrò ọkọ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ àwọn ìlú náà lórúkọ!

Ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ìjọba ti fi orúkọ àwọn ènìyàn ńlá sọ àwọn ìdíkọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ti Agbádó ń jẹ́ Lateef Jakande, ti Kájọlà ń jẹ́ Yemi Osinbajo, ti Papalantó sì ń jẹ́ Funmilayo Ransome-Kuti. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún wọn. Ìyá tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí yẹ lẹ́ni tí à ń rántí. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kájọlà: kí á jọ là. Orúkọ wo ló tún yẹ ìdíkọ̀ rélùwéè jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó yẹ kó ṣáájú lára pátákó, kí orúkọ ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún tẹ̀lé e.

Ọ̀rẹ́ wa kan bi wá pé, “Ọ̀nà Àtàn sí Àgbárá ń kọ́? Ṣé ìtàn ni a ó fi dí kòtò?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn wá, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: ilẹ̀ tí rélùwéè kọ́kọ́ dé ni ẹrù ilé-iṣẹ́ ti ń fi tirela tú ọ̀dà ojú pópó lónìí. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti ní nǹkan rí, báwo ni yóò ṣe bèèrè rẹ̀? Ìtàn kò lè dí kòtò, ṣùgbọ́n òun ló ń fún wa lẹ́nu láti sọ pé ohun tí à ń bèèrè fún kì í ṣe tọrọ-fún-mi-jẹ.

Ní Èbúté-Mẹ́tta, ẹgbẹ́ Legacy tún Ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣe, ó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Iṣẹ́ rere ni. Àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké bíi ti Ìjókò náà nílò ìtọ́jú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó wọn. Kí wọ́n kọ ìtàn ìlú kọ̀ọ̀kan sára ògiri ìdíkọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, bí bàbá yín bá ṣe iṣẹ́ rélùwéè rí, tàbí tí ìyá yín bá fi ọkọ̀ Ìjókò kó ọjà lọ sí Ìdó, ẹ jókòó tì wọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ tan fóònù yín, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọn kì yóò wà títí.