Ẹni tó ti ogun bọ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun, gómìnà á gbé òdòdó kalẹ̀, àwọn ṣọ́jà á yìnbọn sókè, wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹyẹlé á kọ̀, kò ní fò, ìyẹn làwọn èèyàn á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Torí ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970 ni ìjọba ṣe yan ọjọ́ náà. Oṣù Bélú ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ayẹyẹ náà dára, àmọ́ òkú ló ni í.

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní Ìbàdàn, náà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ òkú ológun sí. Bárékè tó wà ní Ọjọ́ọ̀ ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, ní Lálúpọn lọ́dún 1966. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde ní géètì bárékè yẹn, tó forí lé Mọ́níyà, á bá àwọn tó jáde láàyè pàdé. Ọ̀kan ń ro oko ẹ̀gẹ́. Òmíràn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé: òun ló ń gba owó ọlọ́dẹ, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, tó sì ń fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó bá jẹ gbèsè. Ọmọ tó ń rán lọ síléèwé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Kò sí ẹni tó ń gbé òdòdó kalẹ̀ fún un.

Ọdún mélòó ni èèyàn fi ń jagun? Ọdún tó tẹ̀lé e ló pọ̀, òun ló sì yẹ kí ìlú kọ sílẹ̀.

Ìwé tí Isaac Fádóyèbọ̀ kọ fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìtàn tirẹ̀ ṣègbé. Ọmọ Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún 1942, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, bàbá rẹ̀ kò sì mọ̀. Ní Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń fi orí ru ẹrù nínú igbó, ìbọn àwọn ará Japan bà á lẹ́sẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944. Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fi sá pamọ́. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, tó sì wá gbé wọn wọ ilé rẹ̀. Nílé, wọ́n ti gbà pé Isaac ti kú.

Ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ó tiro padà wálé, ó gba iṣẹ́ ìjọba, ó fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe é títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì tọ́ ọmọ. Lọ́dún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún kejì ni Fádóyèbọ̀ kú.

Àwọn kan á ní owó ìfẹ̀yìntì ti tó àwọn tó ti ogun bọ̀, àti pé tíṣà àti àgbẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn á rántí ohun tí ṣọ́jà fojú ará ìlú rí láyé ìjọba ológun, òótọ́ nìyẹn náà. Kí ẹni tó bá ń kọ ìtàn wọn béèrè ìyẹn pẹ̀lú, kó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́.

Owó tí kíkọ ìtàn wọn sílẹ̀ á ná wa kò tó ti ẹyẹlé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé Mọ́níyà, Ìkéréku àti Ìjàyè ní ìwé àti bírò, kí wọ́n lọ jókòó ti bàbá kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n lè kó ohun tí wọ́n bá kọ sí kò ṣòro: ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà sí Ọjọ́ọ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967 ti ń lọ sí ọgọ́rin báyìí, etí rẹ̀ kò sì já gaara mọ́.