Ọkọ̀ Fáíbà Tó Bá Ti Pariwo, Ẹ Dá A Dúró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi fáíbà ṣe ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó, àtàwọn tó ń kàn án, mọ̀ pé kì í dípẹtà bí irin, kì í sì í jẹrà bíi pákó. Àmọ́ àṣìṣe ńlá ni kéèyàn rò pé nítorí pé òde rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ náà ti pé.

Ìpele-ìpele ni wọ́n ń to aṣọ fáíbà, tí wọ́n á máa fi rẹ́síìnì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí tí yóò fi gan. Bí nǹkan bá gbá irin, irin á tẹ̀, gbogbo èèyàn á rí i. Fáíbà ní tiẹ̀ lè ta padà sí ààyè rẹ̀ lẹ́yìn tó forí sọ òpó èbúté, kí ọ̀dà ara rẹ̀ má bó, síbẹ̀ kí àwọn ìpele inú ti ṣí kúrò lára ara wọn. Ẹrù tí wọ́n bá ń kó sí i àti ìgbì tó ń gbá a ni yóò máa fẹ ibi tó ṣí náà sí i, títí tí yóò fi já lọ́jọ́ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Titan, ọkọ̀ abẹ́ omi ilé-iṣẹ́ OceanGate ní Amẹ́ríkà, yẹ kó kọ́ oníṣòwò lọ́gbọ́n. Káábọ́ọ̀nù fáíbà tó nípọn tó íǹṣì 5 ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Dọ́là 250,000 ni owó ọkọ̀ ẹnì kan láti lọ wo àfọ́kù ọkọ̀ Titanic, tó wà ní nǹkan bíi mítà 3,800 nísàlẹ̀ òkun. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ náà fọ́ yángá lábẹ́ omi, gbogbo èèyàn 5 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Stockton Rush, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, tó tún wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, wà lára wọn.

Kì í ṣe pé wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ní èyí tó ń gbọ́ bí fáíbà bá ń ya, wọ́n ní èyí tó ń wọn bó ṣe ń fà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tó ń gòkè bọ̀ láti ìrìn àjò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 80, àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ ariwo ńlá kan. Lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, sọ nínú àbọ̀ ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 2025 pé ó jọ pé ìgbà náà ni ìpele fáíbà náà ti ṣí, àti pé ilé-iṣẹ́ náà kò túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ kọ bó ṣe yẹ. Ńṣe ni wọ́n tún gbé e wọ omi.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ kì í dá ọkọ̀ dúró, èèyàn ló ń dá a dúró.

Oníṣòwò kékeré lè ní òun kò lówó ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú fáíbà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún nílé ìwòsàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kọ́ìnì kan àti ìwé kékeré kan kò wọ́n. Bí wọ́n bá ń fi kọ́ìnì kan ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ibi tó pé á dún ketekete, ibi tó ti ṣí á dún bíi páálí. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bó bá ti fẹ̀ sí i lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyẹn. Àmọ́ ìtòsí òde nìkan ni kọ́ìnì ń gbọ́. Ọkọ̀ tó bá forí sọ nǹkan gidi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ, kódà bó jẹ́ pé ńṣe ni àwọn ọlọ́kọ̀ mélòó kan dáwó jọ.

Èyí tó ṣòro jù ni kí wọ́n yan ẹni tó láṣẹ láti sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde, kó má sì jẹ́ ẹni tó ń gba owó èrò. Owó ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ fi jókòó á dunni, ṣùgbọ́n ó ṣeé pa padà. Ẹ̀mí èrò kò ṣeé rà padà. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo lónìí, tó ní ó dọ̀la, kó rántí pé ibi tó ti ṣí kò ní dúró dè é.