A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀ràn Erékùsù Diego Garcia

Àwọn àgbà wa ni wọ́n wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí ó bá ṣe pé àwọn alágbára ayé ka ọ̀rọ̀ yìí sí ni, ìyà tí ó jẹ àwọn ará Chagos ní àárín Òkun Íńdíà kì bá tí jẹ wọ́n. Ọ̀ràn wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ó kan ará Ìbàdàn tàbí ará Oǹdó nínú erékùsù tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn: pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ ní àjà fún ìyàwó. Ìjọba tí a gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1960 ni ó gé apá kan kúrò lára ilẹ̀ ẹlòmíràn ní 1965, kí ó tó fún un ní òmìnira tirẹ̀.

Diego Garcia ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùsù Chagos, síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó tẹ̀ yí ọ̀sà ńlá kan ká, ọ̀sà náà sì dára púpọ̀ fún ìdúró ọkọ̀ ojú omi. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn Faransé kó ẹrú láti Mozambique àti Madagascar wá sí ibẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ ní oko àgbọn. Ní 1814, Mauritius àti àwọn erékùsù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí oko ẹrú dópin ní 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà dúró ní ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ń ṣe àdí àgbọn, wọ́n ń pẹja, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì sin àwọn baba wọn sí ibẹ̀. Ẹni tí ìran baba rẹ̀ ti gbé ilẹ̀ kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlejò ha ni í ṣe bí?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, àwọn aṣáájú Mauritius wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń béèrè òmìnira. Ní àkókò yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà ń wá ibi tí ọmọ-ogun ojú omi rẹ̀ yóò tẹ̀dó sí ní Òkun Íńdíà. Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá Seewoosagur Ramgoolam, aṣáájú Mauritius, sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé ó lè padà sí ilé pẹ̀lú òmìnira, ó sì lè padà láìsí i. Kí ni ẹni tí gbogbo ìlú ń retí rẹ̀ ní ilé yóò sọ? Ramgoolam gbà. £3,000,000 ni a fi dí Mauritius lẹ́nu. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún náà, a ya Chagos sọ́tọ̀, a sì sọ ọ́ di ilẹ̀ amúnisìn titun, ní àkókò tí amúnisìn ń kógbá sílé ní ibi gbogbo ní Áfíríkà. Kò sí ará Chagos kan ṣoṣo tí a pè sí ibi ìdúnàádúrà náà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yá Amẹ́ríkà ní erékùsù náà fún àádọ́ta ọdún. Owó kò hàn ní gbangba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà dín $14,000,000 kúrò nínú owó tí Gẹ̀ẹ́sì ì bá san lórí ohun ìjà Polaris, a sì fi èyí pamọ́ fún àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nítorí pé òfin àgbáyé kò gbà kí a lé ọmọ onílẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti máa sọ fún ayé pé alágbàṣe lásán ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀.

Láti 1968 títí dé 1973 ni a fi kó àwọn ènìyàn náà kúrò. Ẹni tí ó lọ gba ìtọ́jú ní Mauritius, tí ó fẹ́ padà, a sọ fún un pé kò sí ọkọ̀ mọ́. Ní 1971, a kó àwọn ajá wọn jọ, a sì fi èéfín ọkọ̀ pa wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni a kó àwọn olówó ajá náà sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Seychelles àti Mauritius. Àwọn tí a lé lọ tó 1,500, àwọn kan tilẹ̀ kà wọ́n sí 2,000. Inú òṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sí ní Port Louis. Ní ti erékùsù wọn, ó di ibùdó ńlá. Láti ibẹ̀ ni bàálù ogun Amẹ́ríkà ti gbéra lọ ju bọ́ǹbù sí Iraq ní 1991, sí Afghanistan ní 2001, àti sí Iraq lẹ́ẹ̀kejì ní 2003.

Àwọn kan yóò wí pé ààbò ayé kò lè ṣe kó má ní ibùdó, àti pé àǹfààní ọ̀pọ̀ ju ti ìwọ̀nba ènìyàn lọ. A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó fà á tí a fi kó àwọn ará Peros Banhos àti Salomon kúrò, nígbà tí erékùsù tiwọn jìnnà sí Diego Garcia ju 150 kìlómítà lọ? Kí ni ó sì fà á tí àwọn òṣìṣẹ́ láti Philippines fi lè máa gbé inú ibùdó náà, tí ọmọ onílẹ̀ kò sì lè gbé ibẹ̀? Kì í ṣe ààbò ni ó béèrè èyí. Àìka-ènìyàn-sí ni.

Àwa náà mọ irú ọjà báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, kí òmìnira wa tó pé oṣù méjì, ilé aṣòfin ní Èkó fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group ta kò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn gbéra lọ sí Èkó, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn ní ilé aṣòfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, a fagi lé àdéhùn náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a gbọ́n ju àwọn ará Chagos lọ. Ohun tí a ní tí wọn kò ní ni ìbò, ilé aṣòfin, ìwé ìròyìn àti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ni a máa ń fá lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò kú. Ní 2018, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó sọ̀rọ̀ níwájú Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2019, adájọ́ 13 nínú 14 sọ pé yíya Chagos kúrò lára Mauritius kò bá òfin mu. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ti Mauritius ni Chagos, ṣùgbọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì yóò yá Diego Garcia fún ọdún 99. Ìwé náà gbà kí a tún àwọn erékùsù yòókù tẹ̀dó. Kò gbà bẹ́ẹ̀ fún Diego Garcia. Ìjọba méjì ni ó jókòó. Àwọn tí a lé kúrò kò ní àga níbẹ̀. Inú àwọn kan nínú wọn dùn, àwọn mìíràn sì bínú, ṣùgbọ́n a kò béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ olórí kí a tó mú abẹ. Nítorí náà, a kò lè pe èyí ní ìdájọ́ òdodo tí ó pé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi Diego Garcia han àwọn ọmọ lórí máàpù, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ kọ̀ fún àwọn aṣáájú yín láti fọwọ́ sí àdéhùn ogun kankan ní ìkọ̀kọ̀. Kí a kà á ní ilé aṣòfin ní ojú gbogbo ayé, kí a sì kọ́kọ́ pe àwọn tí ilẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Òmìnira tí a gbà tí a sì fi ilé ẹlòmíràn san owó rẹ̀, gbèsè ni. Àwọn ará Chagos ṣì ń dúró de ẹni tí yóò san án.